Mọ́tò Aláwọ̀ Ewé Tí Effie Rà Lọ́wọ́ Ọmọ-Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Effie MacEachern kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ́ jẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ní gbogbo etíkun tiwọn ní erékùṣù Cape Breton, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé èbúté. Tí wọ́n bá gbé ẹja wá tà fún un, á kọ́kọ́ ya ẹnu ẹja wò, á fi imú gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà á wo ojú ẹni tó ń tà á. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló wá lọ ra òkú mọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú títí di òní, ẹ ò sì ní bá mi wí tí ẹ bá gbọ́ ọ tán.

Àìsàn ọkọ rẹ̀ ló gbé e dé ìdí mọ́tò. Lauchie ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pa edé ńlá lójú òkun, ọkùnrin tó jẹ́ pé orí fífọ́ lásán kì í ṣe é, àfi bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Sydney, lórí erékùṣù yẹn kan náà, kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn. Ó gba orí òkè, ó gba etí adágún, nígbà òtútù yìnyín á sì bò ó mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Lauchie kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní, “Ẹ wá mọ́tò gidi, Màmá. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ ká bá Bàbá wá bẹ́ẹ̀dì sí ilé àwọn arúgbó nílùú níbí.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀dì máa wà fún èmi náà?”

“Ara yín le, Màmá. Ẹni tí ara rẹ̀ ò le nìkan la ní àyè fún.”

Nígbà tí wọ́n délé, Lauchie jókòó sídìí fèrèsé tó máa ń jókòó sí. “Effie, tí wọ́n bá gbé mi lọ síbẹ̀, ògiri ni màá máa wò títí n ó fi kú. Jẹ́ kí n kú síbi tí mo ti ń rí ọkọ̀ ojú omi.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Ta ló ń kú níbẹ̀? O ò tíì jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, ikú lò ń pè.” Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún òun. Wọ́n ti jọ wà nínú ilé yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá sùn.

Mọ́tò tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti kú sẹ́yìn ilé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Colleen, wà lọ́hùn-ún ní Alberta níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ibi tí gbogbo ọmọ etíkun náà ń sá lọ tí wọn kì í padà. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

“Mọ́mì, ẹ má lọ gbé mọ́tò eléèmọ̀ o. Nọ́ńbà kan wà lára gbogbo mọ́tò. Ẹ kà á sí mi létí, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tójú mọ́tò náà ti rí ló máa jáde, ẹni tó kọ́kọ́ ní in, ibi tó ti forí gbá nǹkan, gbogbo ẹ̀ pátá.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ẹ sì gbé e lọ bá Réjean mẹkáníìkì kó wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wò ó.”

“Mo ní mo ti gbọ́, Colleen! Ṣé èmi ni mo bí ẹ ni, àbí ìwọ lo bí mi?”

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó ní in lọ́kàn láti ṣe é.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan, ẹnì kan sọ fún un pé ọmọkùnrin kan ní àfonífojì kejì ń ta mọ́tò àlòkù nínú àgbàlá rẹ̀. Aládùúgbò kan gbé òun àti Lauchie lọ. Ọmọkùnrin náà ga, irun rẹ̀ pupa, epo mọ́tò dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mọ́tò tó fẹ́ tà fún wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Effie kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

“Ọmọ ta ni ẹ́?” ló kọ́kọ́ bi í.

Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò níbẹ̀ nìyẹn. Orúkọ ò wúlò fún wọn. Gillis lórí Gillis ni, gbogbo àfonífojì kan lè jẹ́ orúkọ kan náà, ìnagijẹ bàbá àgbà ẹni ni wọ́n fi ń mọ ilé ẹni. Ọmọkùnrin náà sì mọ̀ ọ́n dáhùn.

“Blaise ni orúkọ mi, Màmá. Ọmọ Hughie. Hughie Dan Rory Alágbẹ̀dẹ.”

Effie gbá àyà mú. “Dan Rory Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà ẹ?”

“Òun gan-an ni.”

“Ẹ wò ó lójú! Lauchie, wo imú ẹ̀! Imú Dan Rory ló gbé sójú yìí!”

Ṣé ẹ rí i, nígbà tí Effie wà ní kékeré, iná jó ilé bàbá rẹ̀ láàárín òtútù, kò ṣẹ́ku ṣíbí. Dan Rory ló kó gbogbo wọn lọ sílé rẹ̀. Títí yìnyín fi yọ́, ẹ̀bá iná ààrò alágbẹ̀dẹ ni Effie ń sùn sí, oúnjẹ wọn ló ń jẹ, kóòtù ọmọ wọn ló ń wọ̀ lọ síléèwé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ dúpẹ́, Dan Rory ní kó lọ jókòó. Obìnrin náà kò gbàgbé rí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rí pé ó dá ò ju ìyẹn lọ.

“Ibo ni mọ́tò yìí ti wá?” Lauchie ló béèrè.

“Ontario ló ti wá, Bàbá. Ìyá arúgbó kan ló ń fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ gbọ́ ná, ṣé àwọn arúgbó Ontario kì í lọ síbòmíì ni? Gbogbo mọ́tò wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ni! Ibo wá ni wọ́n ti ń dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n ń lọ jẹ́wọ́?” ni Lauchie wí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lauchie di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí abẹ́ rẹ̀. Epo dúdú ni láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn yìí, kí òtútù tó dé, wọ́n á lọ fín epo sábẹ́ mọ́tò wọn, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì láti yọ́ yìnyín máa ń jẹ irin. Ẹni tí abẹ́ mọ́tò rẹ̀ bá dúdú, ọmọlúwàbí ni lójú wọn, ó mọ nǹkan í tọ́jú.

“Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe,” ni Lauchie wí. Kò sì sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó rò ó pé epo tí ń bo irin mọ́ iyọ̀ lọ́wọ́ lè bo ìpẹtà mọ́ni lójú.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí Colleen sọ ti dé ètè Effie. Ó ti la ẹnu. Ní àkókò yẹn gan-an ni Blaise ń fi aṣọ nu ìjókòó, tó ń di Lauchie lápá mú kó lè wọlé jókòó wò ó. Ojú ti Effie. Báwo ló ṣe máa ní kí ọmọ-ọmọ Dan Rory mú ẹ̀rí wá? Kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti dé etí ìyá rẹ̀ pé Effie tó jẹun nínú ìkòkò wọn ń pe ọmọ wọn lólè. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Àmọ́ kì í ṣe pé kò ṣèwádìí o! Nígbà tó délé, ó pe Christy Ann, ìyá àgbà tó mọ ìdílé gbogbo ní etíkun náà. Wọ́n jókòó ti fóònù títí tíì fi tutù. Wọ́n tú ìdílé Blaise palẹ̀ láti orí bàbá dé orí ìyá: ọ̀kan jẹ́ fadá, ọ̀kan jẹ́ ọ̀mùtí, ọ̀kan gbé ìyàwó oníyàwó sá lọ sí Boston, ṣùgbọ́n olè kankan ò sí níbẹ̀. Effie mọ ìtàn ọmọ yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi dé láti Scotland. Ìtàn mọ́tò, kò mọ̀ ju ohun tó rí lójú rẹ̀ lọ.

Colleen tún pè. “Mọ́mì, nọ́ńbà ńkọ́?”

“A ti rà á. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ta ló bá yín yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Christy Ann.”

“Mọ́mì, ṣé Christy Ann mọ mọ́tò ni?”

“Ó mọ èèyàn.”

Mọ́tò náà gbé wọn títí ewé fi wọ́ tán lórí igi, ó gbé wọn wọnú òtútù. Lauchie ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń padà jókòó sídìí fèrèsé rẹ̀. Effie ń yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, “Ilé alágbẹ̀dẹ kì í dójú ti èèyàn.” Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè lẹ́bàá adágún, Effie gbọ́ tí nǹkan ké gbàù lẹ́yìn. Ìdí mọ́tò jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan dojú dé, mọ́tò fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ títí ó fi wọnú òkìtì yìnyín. Ká ní apá kejì ni ó yọ̀ sí ni, inú adágún ni wọn ì bá ti bá wọn.

Kò sẹ́ni tó farapa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà dí, ọkọ̀ tó máa gbé wọn pẹ́, ọjọ́ yẹn sì lọ láìjẹ́ pé wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ Lauchie. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti ń mí bí ẹni tó wà lábẹ́ omi, omi ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Áńbúláǹsì ló gbé e lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, nígbà tó sì padà wálé, Effie kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ojú rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì tún dá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó ní òun á dúró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun ò lè dúró títí.

Réjean, mẹkáníìkì ará Chéticamp tí ń sọ Faransé, ló fa mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi jáàkì gbé e. Ó nu epo dúdú kúrò níbì kan lára ṣáàsì, ó fi ìka gún un, ìka rẹ̀ sì wọlé. Wọ́n kàn fi páànù lẹ̀ ẹ́ níbí, wọ́n jó o pọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n wá fi epo pa gbogbo ẹ̀. Ó wọ inú mọ́tò, ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, ẹrẹ̀ gbígbẹ dà sílẹ̀ lára rẹ̀.

“Mọ́tò yìí ti mumi yó rí, Effie,” ló wí. “Omi àgbàrá.”

Ó tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Omi tíì kò tíì hó tán tí gbogbo ẹ̀ fi jáde: omíyalé ti gbé mọ́tò náà ní Ontario lọ́hùn-ún, àwọn adójútòfò ti kọ̀wé pé ó ti kú, wọ́n sì tà á gẹ́gẹ́ bí irin àlòpatì. Blaise ló rà á.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbé e wá bá mi kẹ́ ẹ tó rà á?”

Effie ń wo ẹrẹ̀ gbígbẹ tó dà sílẹ̀.

“Ọmọ ta ló tà á fún yín?”

“Ọmọ-ọmọ Dan Rory Alágbẹ̀dẹ.”

Réjean mi orí. “Ẹ̀yin ọmọ Scotland yìí, ẹ̀jẹ̀ lẹ máa ń rà, ẹ kì í ra mọ́tò.” Kò sọ ọ́ láti bú u o, ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dun Effie wọra.

Àwọn aládùúgbò gbìyànjú. Fadá gbé Lauchie lọ, Christy Ann gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn wọ igbó. Arúgbó ló kù sí etíkun náà. Gbogbo apá tó lágbára wà ní Alberta. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tí Effie lè pè mọ́, ló bá wọ bàtà yìnyín rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Blaise lọ.

Ó bá a nínú àgbàlá, orí rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

“Blaise! O mọ̀ pé mọ́tò yẹn ti kú kó o tó tà á fún mi!”

Ọmọkùnrin náà gbé orí sókè. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ lọ. “Mo tún un ṣe, Màmá.”

“Páànù lo fi tún ṣáàsì ṣe! Ẹ̀mí ọkọ mi lo fi páànù dì! O ò sọ fún mi!”

“Ẹ ò bi mí, Màmá.” Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. “Mo ń retí kẹ́ ẹ bi mí. Tó bá jẹ́ pé ẹ bi mí ni, bóyá mi ò ní lè purọ́. Bàbá àgbà mi lẹ bi mí léèrè, ìyẹn ni mo sì sọ fún yín. Mo purọ́ nípa bàbá àgbà mi ni?”

Ká ní ó gbá Effie létí ni, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó wo imú tó wà lójú yẹn, imú ọkùnrin tó gbà wọ́n sílé nínú òtútù, ó sì wù ú kó tutọ́ sí i.

“Màá sọ fún gbogbo ayé. Màá sọ fún ọlọ́pàá. Màá dìde dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ lè ṣe é. Kóòtù á gbọ́ ọ tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ta ló máa gbé Bàbá lọ sí Sydney lọ́la?”

Effie yíjú sí ojú ọ̀nà.

“Èmi ni màá gbé wọn,” ni Blaise wí. “Ọkọ̀ tèmi gangan, táyà ẹ̀ tuntun ni. Gbogbo ọjọ́ tó bá yẹ kí wọ́n lọ. Màá dúró dè wọ́n, màá gbé wọn padà wá bá yín nílé. Ohun kan ni mo fẹ́, Màmá, ẹ má ba orúkọ wa jẹ́. Mo ṣì ní mọ́tò méjì nílẹ̀ níbí, ìyàwó mi sì lóyún.”

Effie dúró nínú yìnyín yẹn pẹ́. Ó ń ronú nípa ilé àwọn arúgbó nílùú, nípa bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó kọjú sí ògiri. Ó kórìíra ọmọ náà, ó kórìíra ara rẹ̀ jù ú lọ. “Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń kúrò nílé,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Má pẹ́.”

Blaise kì í pẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, kò fi ọjọ́ kan pẹ́. Á gbé Lauchie wọ ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ edé ńlá àti ìjì òkun lọ lójú ọ̀nà. Effie ò sọ àdéhùn wọn fún ọkọ rẹ̀. Lauchie rò pé ọmọ náà ronú pìwà dà ni.

“Ọmọ dáadáa ni,” á máa wí. “Ó ṣẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí?”

“Jẹun ẹ,” ni Effie máa ń wí.

Yìnyín ti ń yọ́ lójú títì lọ́jọ́ tí fóònù dún láàárọ̀. Lauchie ti wọ kóòtù, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń dúró de Blaise. Effie gbé fóònù. Ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ọmọ ọwọ́ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá Effie. Shauna ni, ọmọ Peigi tó ń gbé lókè odò. Ẹ forí jì mí pé mo pè yín láàárọ̀ kùtù. A fẹ́ ra mọ́tò kan lọ́wọ́ Blaise Gillis ni, kí n lè máa gbé ọmọ yìí lọ rí dókítà, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ń fẹ́ àmójútó. Ọkọ mi fẹ́ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní àbùkù nìyẹn jẹ́ fún ìdílé Blaise, pé kí n kàn bi yín, torí ẹ ti ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀ rí.”

Effie di fóònù mú. Ọmọ ọwọ́ yẹn ń ké, ó ń ké. Lauchie ń wò ó láti ibi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀pá, ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé rẹ̀. Effie gbọ́ ariwo ọkọ̀ Blaise tó ń gòkè bọ̀.

“Màmá Effie? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀,” ni Effie wí. “Blaise ló ń gbé ọkọ mi lọ sílé ìwòsàn fúnra ẹ̀, Shauna. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ nípa ẹ̀?”

“Áà, ẹ ṣé gan-an, Màmá. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá o.”

Effie gbé fóònù sílẹ̀.

“Ta nìyẹn?” ni Lauchie béèrè.

“Ọmọ Peigi ni. Wọ́n fẹ́ ra mọ́tò.”

“Lọ́wọ́ Blaise?” Lauchie rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n mọ́tò ni mọ́tò ń jẹ́. Ṣé o sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbé e lọ bá Réjean?”

Blaise tẹ fèrè lójúde. Effie ti kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

“Gbé ẹsẹ̀ kejì wá,” ló wí.